Àwòrán Òdòdó Tí Wọ́n Ní Ó Ti Lé Ní Ọ̀ọ́dúnrún Ọdún

Ọjọ́ Sátidé kan ni. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, omi sì ti kún gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, ní Yábàá, débi pé orí pákó la gbà ń wọlé. Ìyá kan gba orí pákó náà kọjá, ó di nǹkan pẹlẹbẹ kan mọ́ àyà, ó ti fi bẹ́ẹ̀dìṣíìtì wé e, ó tún fi náílọ́ọ̀nù dúdú bò ó. Kò jókòó. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń tún ìwé tó ti gbó ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ pé mo dé ibí."

Irú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì létí mi. Ọ̀pọ̀ ohun tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù onífírémù, ogún ni, ogún kì í sì í dá rìn.

Nígbà tó tú u, àwòrán òdòdó ni, tí wọ́n fi ọ̀dà olómi yà sórí bébà, nínú fírémù igi dúdú tí dígí rẹ̀ ti sán ní igun kan. Ẹni tó bá dàgbà ní Èkó mọ òdòdó náà: Pride of Barbados, èyí tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì ilé àwọn àgbà àti ní ọgbà ilé ìwé, tí àárín rẹ̀ pupa, tí etí rẹ̀ yẹ́lò, tí okùn tín-ín-rín mẹ́wàá gùn jáde láti inú rẹ̀ bí irùngbọ̀n ológbò. Kòkòrò aláwọ̀ ewé kan ń wọ́ lórí ẹ̀ka rẹ̀, labalábá òru kan sì na ìyẹ́ lókè. Nísàlẹ̀ pátápátá, ẹnì kan fi pẹ́ńsù kọ ọ́ pé: M. S. Merian, Surinam.

Ìyá tó bí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kú ní èṣí. Ilé bàbá wọn ní Láfíàjí, ní Èkó gan-an, ni àwòrán náà wà, lórí ògiri pálọ̀, ó kọjú sí fèrèsé. Kò sẹ́ni tó kà á sí títí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi tẹ orúkọ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó rí i pé obìnrin tó ń jẹ́ Merian ti kú láti ọdún 1717, pé iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ohun ìní ọba Gẹ̀ẹ́sì, àti pé owó gọbọi ni wọ́n ń tà á. Ilé bá gbóná. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ẹ̀gbọ́n àgbà ti rí oníbàárà kan tó ní òun á san mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí wọn ò bá ti tú fírémù náà.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló gbé ìyá yìí dé ọ̀dọ̀ mi. Olùkọ́ ìṣirò ni kó tó fẹ̀yìntì. Ó ní, "Ẹni tó ń rajà ló máa ń ní ká tú u. Èwo ni ti ẹni tó ń bẹ̀ wá pé ká má tú u?"

Ẹni mẹ́ta ló jọ ni ogún náà, mi ò sì lè fọwọ́ kàn án nítorí ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo kọ rìsíìtì, mo kọ ipò tí mo bá a sí síbẹ̀, mo ya fọ́tò rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, mo wá ní kó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níṣojú mi. Ó lọ́ra títí, ó pè é. Ohun tí mo gbọ́ láti inú fóònù náà, ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé: ẹ̀gbọ́n àgbà, ìyá olùkọ́, àti àbúrò wọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá. Bùrọ̀dá kò tilẹ̀ kí mi dáadáa. "Àǹtí onífírémù, ṣé ẹ fẹ́ ba ọjà wa jẹ́ ni?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Bó bá jẹ́ òótọ́, mílíọ̀nù mẹ́ta ti kéré jù. Bí kò bá sì jẹ́ òótọ́, ẹ ó ta irọ́ fún olówó, olówó á sì wá yín wá." Ìyẹn ló mú un jókòó.

Kí n tó yọ ìṣó kankan, mo sọ irú ẹni tí Merian jẹ́ fún wọn. Ẹni tí a bá ń wá ipasẹ̀ rẹ̀, ó yẹ ká mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe rí.

Frankfurt, ní ilẹ̀ Jámánì, ni wọ́n bí Maria Sibylla Merian sí lọ́dún 1647. Bàbá rẹ̀ ń fín àwòrán sára bàbà, ó sì ń tẹ ìwé, ṣùgbọ́n ọmọ náà ò ju ọdún mẹ́ta lọ nígbà tí bàbá kú. Ọkọ tí ìyá rẹ̀ tún fẹ́, Jacob Marrel, ayàwòrán òdòdó ni, òun ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí sin kòkòrò ṣẹ́dà, tó ń wo bí wọ́n ṣe ń jẹun, bí wọ́n ṣe ń fi òwú wé ara wọn, bí wọ́n ṣe ń tú jáde pẹ̀lú ìyẹ́. Àwa tí àwọn baba wa fi òwú kòkòrò inú igbó hun sányán lè má rí ìyẹn bí ohun ìyanu. Ní Yúróòpù ayé ìgbà náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn, àwọn ọ̀mọ̀wé náà ń bẹ níbẹ̀, gbà pé inú ẹrẹ̀ àti ohun tó ti rà ni kòkòrò ti ń ṣàdédé hù. Merian ya kòkòrò kọ̀ọ̀kan mọ́ ewé tó ń jẹ, láti ẹyin títí dé ìyẹ́, lójú ìwé kan ṣoṣo. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà: tiwa la fi ń pòwe, òun fi iṣẹ́ ìgbésí ayé rẹ̀ wá a dé ìdí.

Ọ̀dà olómi ló ń lò. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Jámánì nígbà náà, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán kì í gba obìnrin láàyè láti fi ọ̀dà olóròóró yàwòrán tà. Wọ́n ṣe bí ẹní dínà mọ́ ọn ni, àmọ́ fún irú iṣẹ́ tirẹ̀, ọ̀dà olómi lórí awọ ọmọ màlúù tí wọ́n ti fá títí tó fi ń dán ló dára jù, torí pé irun ara kòkòrò máa ń hàn lórí rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ní 1699, nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta, tó ti kúrò lọ́dọ̀ ọkọ, ó ta púpọ̀ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó mú Dorothea Maria, èyí àbúrò nínú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì tí àwọn náà mọ àwòrán yà, wọ́n wọkọ̀ ojú omi láti Amsterdam lọ sí Suriname ní Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ará Netherlands ti ń fi ẹrú gbin ìrèké. Àìsàn lé e padà sílé ní 1701. Ìwé tó fi ìrìn àjò náà ṣe jáde ní 1705, pẹ̀lú àwòrán 60. Òdòdó tó wà níwájú wa yìí ni nọ́ńbà 45. Flos pavonis ló pè é, òdòdó ọ̀kín.

Ẹwà rẹ̀ nìkan kọ́ ló sọ ojú ìwé yẹn di ohun tí ayé ń tọ́ka sí. Merian kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà pé àwọn obìnrin tó wà lábẹ́ ìyà, àwọn onílẹ̀ àti àwọn ẹrú tí wọ́n kó wá láti Guinea, bí wọ́n ṣe ń pe etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà nígbà náà, àti láti Angola, ń fi kóró èso òdòdó yìí ṣẹ́yún kí ọmọ wọn má baà di ẹrú bíi tiwọn. Ó kọ ọ́ pé àwọn mìíràn ń pa ara wọn, torí wọ́n gbà pé àwọn á tún padà wáyé ní ilẹ̀ àwọn, láàárín ọ̀rẹ́ àwọn, láìsí ìdè lọ́wọ́. Ó ní ẹnu àwọn fúnra wọn lòun ti gbọ́ ọ.

Ìyá olùkọ́ gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀. "Láti Guinea," ló wí, kò fi nǹkan kan kún un. Níbi tí wọ́n ti ń sọ ọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé, ta ni mo fẹ́ ṣàlàyé àtúnwá fún?

Iṣẹ́ yá. Àwọn ìṣó ẹ̀yìn ti dógùn-ún, ikán sì ti tọ́ pákó ìdí rẹ̀ wò. Sẹ́lótéèpù ni wọ́n fi lẹ bébà náà mọ́ páálí, ó ti di àwọ̀ ilẹ̀, ó ti gan. Nígbà tí mo gbé páálí ojú rẹ̀ kúrò, èyí tí wọ́n gé àárín rẹ̀ yọ láti fi yí àwòrán ká, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la jọ ké. Pupa tí a ti ń wò láti ọjọ́ Sátidé ti ṣá bí ìró tí wọ́n fọ̀ láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n ní etí tí páálí bò, tó fẹ̀ tó ìka méjì, orí okùn òdòdó kan ṣì pọ́n bí ata rodo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí nìyẹn nígbà kan. Oòrùn fèrèsé Láfíàjí ló jẹ ìyókù. Àbàwọ́n pupa kékeré kan tún wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, lábẹ́ páálí kan náà. Mo rò pé èébu tí ọ̀rinrin máa ń mú wá ni, mo fi í sílẹ̀.

Mo fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, tóótòòtó wẹ́wẹ́ tó tò lẹ́sẹẹsẹ ni ojú á máa rí. Kò sí. Ọwọ́ èèyàn ló yà á. Níbi tí omi ti pọ̀ jù lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀dà ti sá lọ sí ẹ̀gbẹ́, ó gbẹ síbẹ̀ bí ìlà. Bùrọ̀dá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Kí ni mo sọ fún yín?"

Àmọ́ orí bébà ni, kì í ṣe orí awọ. Mo gbé e síwájú iná. Bébà ayé Merian, orí àsẹ́ tí wọ́n fi wáyà tò ní ìlà ìlà ni wọ́n ti ń ṣe é, ìlà náà sì máa ń hàn bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ara rẹ̀ kọjá. Èyí kò ní ìlà kankan. Irú bébà bẹ́ẹ̀ kò jáde ní Yúróòpù títí di nǹkan bí 1757, ogójì ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti sin Merian.

Àbúrò wọn ní, "Bóyá àwọn ọmọ rẹ̀ ló yà á. Ṣebí ẹ ní àwọn náà mọ̀ ọ́n yà." Ìbéèrè gidi ni, torí òótọ́ ni pé àwọn ọmọbìnrin méjèèjì yàwòrán. Mo pa iná ṣọ́ọ̀bù, mo tan iná aláwọ̀ àlùkò kékeré, irú èyí tí àwọn ọlọ́jà Balógun fi ń yẹ owó wò nítorí ayédèrú. Bébà náà tàn yòò bí ṣẹ́ẹ̀tì funfun nílé ijó. Èròjà tó ń jẹ́ kí bébà tàn báyẹn, ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ló tó wọ inú iṣẹ́ bébà. Nígbà tí mo tan iná ṣọ́ọ̀bù padà, Bùrọ̀dá ti bọ́ síta, ó dúró lórí pákó, ó ń wo gọ́tà.

Ó kù kí n mọ bí wọ́n ṣe yà á. Mo tẹ́ tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ojú rẹ̀ kọjá ní ìbú. Ìlà pẹ́ńsù fẹ́ẹ́rẹ́ bá yọ lábẹ́ ọ̀dà, onígun mẹ́rin mẹ́rin, láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ìwé ìṣirò ọmọ ilé ìwé. Ẹni tó ń wo àwòrán kékeré kan tó fẹ́ yà á tóbi ló máa ń fa irú ìlà yẹn. Ìyá olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka tẹ̀lé e lókè, kò jẹ́ kó kan bébà. Mo gbé awò sórí àbàwọ́n igun ìsàlẹ̀ nígbà náà, kí n lè mọ irú èébu tí mo máa bá jà.

Èébu kọ́. Alángbá ni. Kò ju eékánná lọ, orí rẹ̀ pupa, ara rẹ̀ dúdú, ó gbórí sókè bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lórí ògiri bí oòrùn bá mú. Ọwọ́ ẹni tó yà á kò gbọ̀n rárá. Kò sí alángbá nínú nọ́ńbà 45 Merian, ilẹ̀ Áfíríkà sì ni alángbá olórí pupa yìí ti wá.

Mo ní kí àbúrò wọn wá wò ó. Ó tẹ ojú mọ́ awò náà, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Alángbá tó já láti orí ìrókò…" Kò parí rẹ̀. Ìyá olùkọ́ sunkún. Bùrọ̀dá tí ń bẹ níta gbọ́ ẹkún, ó sáré wọlé, ó rò pé mo ti fa nǹkan kan ya.

Ìgbà yẹn ni ìtàn jáde. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyá wọn, ní Èkó. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń ya àwòrán ewé, ẹja àti ẹyẹ tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ, torí ilé ìwé kì í rówó rà wọ́n. Bùrọ̀dá rántí kàlẹ́ńdà ilé iṣẹ́ àwọn ará Jámánì kan tó wà lára ilẹ̀kùn ilé ìdáná wọn nígbà tó wà ní kékeré, oṣù kọ̀ọ̀kan ní òdòdó tirẹ̀. Igi òdòdó náà fúnra rẹ̀ wà létí kànga wọn kí wọ́n tó gé e nígbà tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù. Ní ti òwe alángbá, ó ní kò sí ọmọ tí Màmá kọ́ tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ kan bá ṣe dáadáa tí kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, òun ni Màmá máa ń pa fún un: bí ẹnìkan ò bá yin òun, òun á yin ara òun.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Obìnrin yìí kọ orúkọ ẹni tó wò kọ sísàlẹ̀, kò jí iṣẹ́ oníṣẹ́. Kò kọ orúkọ tirẹ̀. Alángbá ló fi síbẹ̀. Onífírémù kan, ẹni iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú mi, wá fi páálí bò ó mọ́lẹ̀, bóyá torí kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè dọ́gba. Ó dùn mí. Èmi náà ti gé páálí báyẹn rí láìwo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Bùrọ̀dá pe oníbàárà rẹ̀ níwájú wa. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n dá fírémù padà bó ṣe wà, kí wọ́n gbé e wá bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bùrọ̀dá ní, "Kò sí lọ́jà mọ́, sà," ó pa fóònù.

Ìtọ́jú rẹ̀ gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, dídúró ló pọ̀ jù níbẹ̀. Èébu gidi wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo dúró de ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, mo bo imú, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ gbá a kúrò níta. Àwọn èèyàn máa ń fi aṣọ tútù nu èébu. Omi ni wọ́n ń fún un mu. Mo kán omi tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ sára pupa etí, mo fi òwú tẹ̀ ẹ́, pupa bá òwú wá. Ọ̀rọ̀ fífọ̀ parí níbẹ̀. Sẹ́lótéèpù ni mo bá fa wàhálà jù, ọjọ́ mẹ́rin gbáko, pẹ̀lú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí mo mú lọ́wọ́ọ́wọ́. Ibi méjì tó ya, mo fi bébà Jàpáàn tó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà dì í láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú sítáàṣì àlìkámà tí mo sè bí ògì. Bùrọ̀dá bẹ̀ mí pé kí n fi ọ̀dà tuntun tún pupa rẹ̀ ṣe díẹ̀. Mo kọ̀. Ohun tí oòrùn bá ti jẹ, kì í pọ̀ ọ́.

Páálí tuntun tí mo gé fẹ̀ débi pé alángbá náà hàn gbangba. Mo fi àyè sílẹ̀ láàárín bébà àti dígí, kí òógùn dígí má baà lẹ̀ mọ́ ọn nígbà òjò. Ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rùn-ún náírà ni gbogbo rẹ̀. Bùrọ̀dá ló san án, kò jẹ́ kí àwọn àbúrò mú owó wá.

Ìjà tuntun wá dé. Àwọn tó fẹ́ tà á tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ẹnì kejì mọ́. Wọ́n fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ mi fún oṣù kan ó lé. Nígbà tó sú mi, mo ní kí oníkálukú ya fọ́tò ògiri tó fẹ́ gbé e kọ́ wá. Ti Bùrọ̀dá kọjú sí fèrèsé. Ti àbúrò, ẹ̀yìn rẹ̀ ni bálùwẹ̀ wà. Ìyá olùkọ́ ní Èbúté Mẹ́ta nìkan ló ní ògiri inú tó gbẹ, tí oòrùn kì í dé. Ògiri ló dá ẹjọ́ náà, èmi kọ́.

Ó ku ìwé ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ti kọ "Àwòkọ láti inú iṣẹ́ Maria Sibylla Merian, nọ́ńbà 45, 1705." Bùrọ̀dá ní orúkọ Màmá ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ìyá olùkọ́ ní Màmá fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ Merian síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tì í sẹ́yìn. A tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta: orúkọ Màmá lókè, pé òun ló yà á ní Láfíàjí, orúkọ Merian tẹ̀lé e, alángbá, Màmá nìkan ló ni ín. Nígbà tó kan ọdún tó yà á, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn. Bùrọ̀dá ní òun ti ń lọ ilé ìwé. Ìyá olùkọ́ ní irọ́ ni, ṣebí ẹ̀yìn Màmá lòun wà nígbà tó ń yà á, òun rántí òórùn ọ̀dà náà.

Mo fi àyè ọdún sílẹ̀, mo sì fún wọn ní pẹ́ńsù.